Ọjọ́ Tí Mo Fi Ohùn Ara Mi Kéde Ikú Mi

Ní gbogbo Kubwa ní Abuja, láti etí títì márosẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ọjà, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ápù orí fóònù yára tó mi. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná, kí n sì parí ẹ̀ kí ẹ̀wà tó rọ̀. Mo ní ẹ̀rí. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn múná débi pé kò tó wákàtí méjì tí àwọn èèyàn fi gbé aṣọ funfun wá sílé mi láti wá sin mí.

Ẹ̀wà gan-an ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mi ò ní fi bí mo ṣe dé Abuja dààmú yín. Mọ́tò ni mo wọ̀, bíi gbogbo èèyàn. Ohun tí mo rántí ni àárọ̀ àkọ́kọ́. Mo rí bàbá arúgbó kan lẹ́nu géètì ní Gwagwalada, irun funfun lórí, irun funfun lágbọ̀n. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá fò sẹ́yìn, ó di ẹ̀wù ẹ̀ mú, ó rò pé mo fẹ́ fa òun lẹ́sẹ̀ ṣubú. "Kai! Kai!" ló ń pariwo. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù láyà. Láti ọjọ́ yẹn, sànnu ni mò ń kí gbogbo ayé, mò ń dà á sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Ẹni tó bá wù, kó ṣà á.

Yunifásítì ni mo bá wá. Ẹ̀kọ́ ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó dá mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo wẹ̀, mo wọ ṣòkòtò, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó títí. Lẹ́yìn náà mo bọ́ ṣòkòtò náà padà. Bí mo ṣe fi iléèwé sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé àwọn fi iléèwé sílẹ̀ láti lọ dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Èmi, ṣòkòtò ni mo bọ́.

Mi ò sọ fún Màámi.

Èédú ni Màámi ń tà nílé. Bàbá mi ti kú tipẹ́, èmi nìkan ni wọ́n bí. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi wà lórí wọn bíi súrà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á tẹ̀ mí láago pẹ̀lú fóònù kékeré tó ti dúdú kọjá dúdú nítorí ọwọ́ èédú.

"Ìwé ńkọ́?"

"Ìwé ń lọ, mà."

"Ó ku ọdún mélòó?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

"Má jẹun lójú títì o."

Ojú títì ni mo máa dúró sí tí mo bá ń dá wọn lóhùn, àgbàdo sísun kan lọ́wọ́ mi.

*

Nígbà tí mo kúrò ní Gwagwalada, Kubwa ni mo bọ́ sí, lọ́dọ̀ Àǹtí Rábì. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn débẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì, lókè ilé olóògùn kan. Ápù ni wọ́n ń kọ́ fún àwọn iléèwé, àwọn ìsọ̀, àti mọ́ṣáláṣí. Àwa mẹ́ta là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Àǹtí, èmi, àti fáànù kan tí kì í yí.

Ní báyìí, èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ kóòdù tí ápù fi ń ṣiṣẹ́ mọ́. AI, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, ló ń kọ ọ́. O máa sọ ohun tó o fẹ́ fún un bí ẹni ń rán èèyàn níṣẹ́, kí o tó yán, ó ti kọ ojú ewé ogún. Ìdí tí ẹni tí ò lè ṣe ìṣirò fi rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Tí kò bá sí AI ni, òkúta ni ǹ bá máa fọ́ ní Mpape.

Àmọ́ Àǹtí ní òfin kan tó ń bí mi nínú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí AI láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kankan nínú ápù, àfi tó bá ti kọ ojú ewé kan sínú ìwé. Ìwé gidi o, ìwé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí táìmù tébù wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin lo máa dáhùn, pẹ̀lú bíírò. Kí ni nǹkan yìí fẹ́ ṣe? Ta ló máa kàn? Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe láéláé? Báwo la ṣe máa dán an wò?

Mo ní, "Àǹtí, ṣé létà la fẹ́ fi bẹ kọ̀ǹpútà ni?"

"Kọ ọ́, ọ̀gbẹ́ni."

"Àbí ká tún fi orógbó sí i?"

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Gbọ́. AI yìí, àlejò tó fẹ́ràn iṣẹ́ ni. Ó mọ gbogbo iṣẹ́, kò mọ ilé. Tí o bá ní kó gbálẹ̀, á gbálẹ̀, á sì gbá ohun tó o fi pamọ́ sábẹ́ ẹní dànù mọ́ ọn. Ìwọ lo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi burú bíi pé adìẹ ló jó lórí ìwé.

Mi ò ní purọ́, ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Iléèwé kan fẹ́ kí ápù máa sọ fún òbí tí ọmọ ò bá wá. Níbi tí wọ́n ti bi wá pé ta ló máa kàn, mo kọ "ọmọ tó sá" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí kà á. Wọ́n ní, "Òbí èwo? Àwọn ọmọ kan wà tí ìyá wọn ń fi wọ́n pamọ́ fún bàbá wọn." A tún un ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí gbá mi léjìká, wọ́n ní yẹ̀yẹ́ mi wúlò lónìí. Mo ra sùyà fún ara mi lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Ọdún kẹta mi ní Abuja rè é, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹnì kan máa sọ fún mi níbẹ̀ pé mo ṣe dáadáa.

*

Nílé wa, wọ́n máa ń sọ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tó ti kú nílùú ẹ̀, tó wá lọ ń gbé nílùú mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Á gba yàrá, á ríṣẹ́ ṣe, á máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú èèyàn. Àmọ́ ọjọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá ṣèèṣì fojú kàn án, á pòórá.

Mo máa ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà ní Jabi láàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á ti sùn lọ, ẹnu á là sílẹ̀, káàdì á máa mì lọ́rùn wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Màámi rán wá ti kú sórí bẹ́ẹ̀dì ní Gwagwalada pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́. Èyí tó kù ń gbé ní Kubwa, ó ń fi sànnu àti yauwa ra búrẹ́dì, ẹ̀rù ń bà á kí ará ilé má rí i.

Ó dà bí ọgbọ́n nígbà náà. Ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn máa ń gbọ́n gan-an.

Ní Jímọ̀ kan, àárò ilé ń ṣe mí, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún Màámi. Mo ní ẹ̀rọ kan wà tó lè sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

"Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?"

"Ó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn mi gan-an. Ẹ dúró."

Mo ti fi ohùn mi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, láti fi ṣeré. Mo gbé fóònù sétí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ sọ ọ́ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Ẹ kú ìnira èédú." Ohùn mi ni, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń fa "Màámi" gùn.

Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Èmi kọ́ o. Ẹ ò lè mọ ìyàtọ̀. Wọ́n tún lè ṣe ojú èèyàn báyìí, kó máa mi ẹnu."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́," Màámi ní.

*

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa máa ń ṣèpàdé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Alhaji Alága, tó ń tún ara mọ́tò ṣe, ló ń darí wa. Àǹtí Rábì ló kọ́ ápù ẹgbẹ́. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ará ilé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ẹ̀, àti bóyá ó mọ̀wé. Èmi náà wà níbẹ̀. Orúkọ Màámi ni mo fi sílẹ̀.

Lóṣù yẹn, ọmọ ẹgbẹ́ kan kú, wọ́n sì ti sin ín kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́. Inú ń bí Alhaji.

"Ṣé bí a ó ṣe máa sin ara wa bí ẹran nìyí? Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í dúró. Ìwọ ọmọ kọ̀ǹpútà, ṣé o lè ṣe é kí ápù yẹn máa sọ fún wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

Mo dìde. Mo gbọn ẹ̀wù mi. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Alhaji. Kó máa pe àwọn tí ò mọ̀wé, kó sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá ńkọ́?"

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan ní ọmọ yìí máa jẹ ọ̀gá. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kí Yorùbá pàtẹ́wọ́ fúnni ní ìlú Hausa. Mi ò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí ní, "Ìwé ni kó ṣáájú." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Wọ́n jáde, mo ṣí AI.

Mo sọ fún un pé, tí a bá ti fi àmì sí orúkọ ẹnì kan pé ó ti kú, kó sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àti ará ilé ẹ̀ kíákíá. Ẹni tí ò bá mọ̀wé, kó pè é. AI bi mí léèrè kan ṣoṣo. Ó ní ṣé kí òun jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó jáde. Mo dáhùn pé, "Rárá. Òkú wa kì í dúró." Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ohùn tó máa fi pè. Àwọn ohùn Yorùbá tó wà níbẹ̀ dà bíi ti òyìnbó tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ohùn tèmi ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi tèmi sí i. Mo ní ó kéré tán, àwọn àgbà ìlú á máa gbọ́ ohùn mi.

Ó ku ìwé Àǹtí. Ẹ wo ọgbọ́n tí mo dá. Mo ní kí AI ka kóòdù tó ti kọ tán, kó wá bá mi kọ ètò tó yẹ ká ti kọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ létòlétò. Mo dà á kọ sínú ìwé pẹ̀lú bíírò, mo tún mọ̀ọ́mọ̀ fa ìlà pa níbì kan kó lè dà bíi pé mo ronú. Bíi pé wọ́n sin òkú tán, mo wá lọ ń wọn ilẹ̀.

Àǹtí kà á. "Ó dáa o. Ó dà bíi pé o ti ń gbọ́n." Wọ́n dé ìbéèrè kẹta, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe láéláé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ti kú.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, mà."

Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, oníbàárà kan pè wọ́n. Wọ́n jáde síta pẹ̀lú fóònù.

*

Lọ́jọ́ Thursday, mo fẹ́ dán an wò. Mi ò lè fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣeré ikú. Èèwọ̀ ni, ojú á tì mí tí nǹkan bá ṣe ẹni náà lọ́la. Mo lè dá orúkọ kan tí kò sí sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn máa gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fi orúkọ ara mi.

Mo fi àmì ikú sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé fóònù mi dání, mò ń retí iṣẹ́ náà. Kò dé. Mo tún un tẹ̀. Kò dé. Mo bú AI. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ní àwọn ará ibí yìí ti ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́, mo bá lọ sí yàrá mi lọ jẹ ẹ̀wà.

Kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ti kú. Èmi sì ni òkú. Nǹkan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Màlámù tó ń ta tíì nísàlẹ̀ ilé mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wò mí, ó wo abọ́ ẹ̀wà. "Kai! Wọ́n ní o ti kú!" Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn, ẹni tó kọ́ ọ wà lẹ́yìn ẹ̀. Alhaji Alága ni, pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà. Aṣọ funfun wà ní kíká lábẹ́ abíyá wọn. Ọ̀kan gbé kẹ́ẹ̀tù omi dání.

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Alhaji fi ọwọ́ gbá ògiri mú. "Ṣé o ò kú ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá dé tó o fi pè wá? Ìwọ fúnra ẹ lo pè mí! Ohùn ẹ ni! O ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn wá láti sọ fún yín,' o dárúkọ ara ẹ, o dárúkọ bàbá ẹ, o ní o ti kú!"

Ẹnì kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí òkú púpọ̀, òun ò tíì rí èyí tó ń kéde ara ẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rántí ẹni tí mo fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ilé, tí kò mọ̀wé kà, tí ápù ní láti pè.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

*

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í já ikú ọmọ lu ìyá ẹ̀. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ lọ jókòó tì í. Wọ́n á ní ara ọmọ ò yá díẹ̀, ibà lásán ni. Wọ́n á ní ó ń bọ̀. Títí tí ìyá á fi fúnra ẹ̀ mọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ò mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kejì nínú ìwé Àǹtí nìyẹn, ìbéèrè kẹta sì nìyẹn, èèyàn ò nílò ìṣirò láti dáhùn wọn.

Mo pe Màámi. Wọ́n gbé e. Mo ní, "Màámi, èmi ni." Mo gbọ́ tí fóònù bọ́ sílẹ̀. Ohùn tó sọ pé mo ti kú ló tún ń sọ pé mi ò kú.

Mo pe Ìyá Ràfíù, tí ilé wọn kan tiwa. Wọ́n sáré débẹ̀. Wọ́n ní wọ́n bá Màámi nílẹ̀ láàárín èédú, orúnkún wọn ti bó, fóònù náà sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Ràfíù ní, "Ọmọ ẹ ò kú o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán."

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí Ìyá Ràfíù jẹ́. Nígbà tí Ràfíù ọmọ wọn kú ní Ìbàdàn, Màámi ni àwọn àgbà rán lọ jókòó tì wọ́n. Odindi ọjọ́ kan ni Màámi fi sọ pé ibà lásán ló ń ṣe Ràfíù, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán.

Màámi gbé ojú sókè, wọ́n wo Ìyá Ràfíù. Wọ́n ní, "Bí mo ṣe ṣe é fún ẹ lo ṣe ń ṣe é fún mi. O ṣé."

Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá sọ pé mo wà láàyè ń sin mí sí i ni. Ìmáàmù lọ, wọ́n ní mo wà láàyè. Màámi ní tí kò bá sí òkú, kí ni Ìmáàmù wá ṣe. Ọmọ ilé kejì gbé fóònù ńlá lọ kí wọ́n lè rí ojú mi. Màámi bojú. Wọ́n ní, "Wọ́n lè ṣe ìyẹn náà. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi."

Ọjọ́ kejì, wọn ò jẹun. Ọjọ́ kẹta, Ìyá Ràfíù pè mí, wọ́n ní omi nìkan ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọn, ìyẹn náà kò tó nǹkan. "Ọmọ mi, tí o bá fẹ́ bá ìyá ẹ láàyè, wá báyìí."

Mo lọ sọ fún Àǹtí Rábì. Wọ́n ṣí ìwé náà síwájú mi.

"Ìgbà wo lo kọ èyí?"

"Lẹ́yìn tí mo kọ́ ọ tán, mà. AI ló kọ ọ́. Mo dà á kọ."

Mo retí kí wọ́n bú mi. Ẹni tí wọ́n bá bú, ó ṣì jẹ́ èèyàn. Wọ́n kàn pa ìwé náà dé, wọ́n nà án sí mi.

"Máa lọ sílé. Mú un dání."

*

Màámi jókòó sórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn wọn ti kéré. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yìn èèyàn lè kéré láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

"Màámi, mo ti dé."

Wọn ò yíjú. "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ."

"Ẹ wò mí."

"Mi ò ní wò ẹ́. Tí mo bá wò ẹ́, wàá lọ."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n rò pé àkúdàáyà ni mí. Wọ́n gbà pé mo ti kú, wọ́n sì ń fún ọrùn wọn ní ìyà kí n lè pẹ́ díẹ̀ sí i nínú yàrá. Mo jókòó sẹ́yìn wọn. Mo ti fi ẹnu mi kọ́ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti fi ẹ̀ parọ́ fún ọdún méjì. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ẹnu kan náà sọ tí wọ́n máa gbà gbọ́.

Mo bá sọ èyí tí mi ò fẹ́ sọ.

"Màámi, mi ò sí níléèwé. Mo ti kúrò níbẹ̀ láti ọdún kejì. Mi ò sọ fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè ìwé, irọ́ ni mò ń pa."

Adìẹ kan wọlé, ó wò wá, ó jáde.

"Wọ́n lé ẹ ni?"

"Wọn ò lé mi. Mo kàn bọ́ ṣòkòtò."

Wọ́n yíjú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Wọ́n wò mí. Wọ́n dúró bóyá mo máa pòórá. Mi ò pòórá. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa mí lójú, nímú, lágbọ̀n, èédú bá gbogbo ojú mi. Wọ́n wá gbá mi létí, gbígbá gidi, etí mi hó.

"Àkúdàáyà kì í ṣe òmùgọ̀ tó yìí," wọ́n ní. Wọ́n ní kí Ìyá Ràfíù gbé ẹ̀kọ wá.

Wọ́n jẹ ìdajì. Wọn ò sì tún bi mí ní ìbéèrè kankan nípa iléèwé, títí di òní. Èmi ni mo máa ń retí ìbéèrè yẹn ní ọjọ́ Jímọ̀, bí ẹni ń retí ẹni tó ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò. Orúnkún wọn san, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n, kò sì tíì dẹ́kun. Tí fóònù ẹnikẹ́ni bá dún lágbàlé, wọ́n á di ògiri mú. Fóònù tiwọn wà nínú àpò èédú kan tí wọ́n ti so lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn ò ní ta àpò yẹn.

Alhaji ti ní kí n yọ iṣẹ́ ọ̀hún kúrò nínú ápù. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá kú, àwọn á rán èèyàn. Mo yọ ọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ padà sí Abuja, mo ṣí ìwé Àǹtí. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilé, mo kọ ojú ewé kan pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni nǹkan yìí fẹ́ ṣe? Kí Màámi lè mọ̀ pé èmi ni mò ń pè. Ta ló máa kàn? Màámi. Kí ni kò gbọdọ̀ ṣe láéláé? Níbẹ̀ mo pẹ́ gan-an. Mo kọ ìlà mẹ́sàn-án. Mo fa mẹ́ta pa, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kọ bí a ṣe máa dán an wò: Ìyá Ràfíù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà ojúlé kejì, wọ́n á lè máa wò mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo lọ kà á fún wọn. Wọ́n ń to èédú sínú agolo, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Mo ní tí mo bá pè, wọ́n á béèrè orúkọ ewúrẹ́ tí a sìn nígbà tí mo wà ní kékeré, torí pé a ò kọ ọ́ síbì kankan rí, ẹ̀rọ ò lè mọ̀ ọ́n.

"O ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí," wọ́n ní.

Mo wo ìwé náà. Òótọ́ ni. Mo ya ojú ewé yẹn, mo ní ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí a máa fi sórí nìkan, ká máa pààrọ̀ ẹ̀ lóṣooṣù, mo ní mo lè pè ní àkókò kan náà, lójoojúmọ́ tí wọ́n bá fẹ́, mo ní kí wọ́n sáà sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n ṣe é, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Màámi gbọn eruku èédú dànù lọ́wọ́.

"Má pè mí. Máa wálé."